Epo Máṣíìnì

Ìyá aránṣọ fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o, orin ọmọ ọ̀hún ni kò yé e. Alálàá ló ń pè é, torí bó bá ń jẹun lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á ti rìn jìnnà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta gìtá ni wọ́n jọ ń ṣe àwo orin wọn àkọ́kọ́ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Gìtá á máa han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí, ọmọ á wá máa fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kọrin lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

"Alálàá, ṣé orin ti bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ ṣì ń tún gìtá ṣe?"

"Ó ti fẹ́ parí, Mọ̀mí."

"Ó mà ṣe o. Mi ò tíì jókòó."

Ó wá dọjọ́ kan, ó ku orin kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ẹni tó yá wọn ní máìkì ń bọ̀ wá gbà á, ó fẹ́ rìnrìn àjò. Mọ̀mí rò ó pé kí máṣíìnì òun, tó máa ń dún kàtàkàtà bí ìkòkò tó ń já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, má lọ ba orin ọmọ jẹ́. Báwọn ọmọ ṣe jáde lọ ra omi báyìí, ó tú u, ó nù ún, ó da epo sí i, ó dè é padà. Máṣíìnì bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú Mọ̀mí ń dùn ṣìnkìn.

Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n gbé máìkì síwájú máṣíìnì.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ránṣọ yín lọ. Ariwo ẹ̀ ni ìlù orin tó kù."

Mọ̀mí tẹ̀ ẹ́. Ṣẹ́ẹ́ẹ́.

Onígìtá wolẹ̀.

"Mọ̀mí, kí lẹ ṣe sí i?" Alálàá ló bi í.

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ẹ tọ́jú ẹ̀." Omi ti lé sójú Alálàá. "Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ariwo yẹn kí n tó sùn. Orí ẹ̀ ni mo gbé orin náà kà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mọ̀mí lára. Ó tú ìdè kan, ó tú èkejì, ó fọwọ́ gbá a létí. Máṣíìnì ti lajú, kò padà sẹ́yìn mọ́.

Ló bá fa àga sún mọ́ máìkì. "Ẹ tan nǹkan yín. Mo mọ bó ṣe ń dún."

Ó la ẹnu. "Kàtàkàtà, ṣìì. Kàtàkàtà, ṣìì." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí pẹ́dàlì. Onígìtá bu ètè jẹ, Alálàá kọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn ò sì tún un gbà sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí àwo náà jáde, oníbàárà kan wá wọn aṣọ, ó bá a tó ń dún ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá aránṣọ, ariwo kí lèyí?"

"Ariwo kọ́, orin ọmọ mi ni." Mọ̀mí ti fi téèpù yí i láyà, ó dì í mú. "Ẹ dúró ná, ó kù díẹ̀ kó kàn mí."