Mọ́tò Bàbá Mi Mu Omi

Èmi nìkan ṣoṣo ni mo fojú mi méjèèjì rí i. Ẹ̀gbọ́n mi dijú, mẹkáníìkì kọ̀yìn, omi sì ti dí bàbá wa lójú. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹlòmíì.

Bàbá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ká bá àwọn fọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ò fọ nǹkan kan. Ó yọ àpótí dúdú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, ó wá ki páìpù pupa kan tó ń dán yinrin bọ ibi tó ti yọ ọ́, ẹnu ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, kó lè máa fa atẹ́gùn tútù. Ó ní mọ́tò á máa sáré bí ọta ìbọn.

Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì ilé wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Òjò lásán ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ tí àgbàrá bá bo ẹnu páìpù yìí, omi ni ẹ́ńjìnnì máa fà mu, irin inú ẹ̀ á sì wọ́."

"Ọ̀gá, ṣé mo fẹ́ fi mọ́tò pẹja ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

Ọjọ́ tí Bàbá ń bọ̀, òjò rọ̀ bíi pé sánmọ̀ fẹ́ já. A gbéra láti lọ gbé wọn. Àgbàrá ìkòríta lè gbé ọkọ̀ ojú omi méjì. Jẹ́jẹ́ la ń wọ́ lọ tí tírélà kan fi já wọ̀ ọ́, ìgbì omi sì ga ju òrùlé lọ. Ó dáa, ó ga dé iná iwájú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Mo fò bí ẹkùn, mo já a gbà.

"Ẹ má sítáàtì ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí Bàbá lé wa nílé ni?"

Èèyàn mẹ́fà bá wa tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Èmi nìkan ti ìdajì ẹ̀.

Mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí ẹ́ńjìnnì kí omi lè ríbi jáde, ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè tú u síta. Ibẹ̀ ni Bàbá fẹsẹ̀ rìn bá wa.

"Ẹ sún sẹ́yìn o, Bàbá!" ni mẹkáníìkì pariwo, ó sì kọ̀yìn.

"Ta ló ń lé mi nídìí mọ́tò mi?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọjú wo ihò tí púlọ́ọ̀gì ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi dijú, ó yí kọ́kọ́rọ́. Fùùù! Omi bẹ́ jáde, ó gbé fìlà Bàbá, ó di orí òrùlé ilé kejì.

Bàbá nu ojú. "Páìpù pupa wo nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu wọn.

Mẹkáníìkì dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ́ńjìnnì sì jí. "Orí yín ló bá yín ṣe é. Ká ní wọ́n sítáàtì ẹ̀ nínú omi ni, ẹ́ńjìnnì míì lẹ ò bá máa wá."

"Mọ́tò mi ò ní fi páìpù yìí rìn," Bàbá ní. "Àpótí tó wà níbẹ̀ dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wolẹ̀. Adìẹ wa ti ń wá ibi tó máa sàba sí, èmi ni mo gbé àpótí náà fún un. Ó ti jókòó lórí ọgbọ̀n ẹyin, tàbí mọ́kànlá.

A dé ẹ̀yìnkùlé, Bàbá nawọ́ sí àpótí. Adìẹ sọ wọ́n níka.

"Kó pa ẹyin ẹ̀ tán ná," ni Bàbá wí, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn síka.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Ẹ yáa tètè gbà mí gbọ́ o, torí bí àwọn ẹyin yẹn bá ti pa, gbogbo ẹ̀rí mi ló máa fẹsẹ̀ rìn lọ.