Àyè Ọwọ́ Mi Lára Ògiri Òkè-Ẹmì

Mo lá àlá kan mọ́jú Sátidé tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kó tó fò lọ mọ́ mi lórí. Ẹ má bi mí pé báwo ni àga ṣe ń rìn. Àga rìn. Èmi tí mo jókòó sórí rẹ̀ ni mò ń sọ fún yín.

Mo wà nínú yàrá mi ní Liverpool níbí, mò ń dúró kí omi tíì hó, ni káàdì pélébé kan bá gba ihò lẹ́tà wọlé. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí n mú yín bọ̀ wálé. Ọdún Ògiri bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Mo ní kò burú. Kí n tó rí bàtà wọ̀, káàdì ti fò mọ́ mi lọ́rùn, ó so okùn ara rẹ̀ lẹ́yìn mi. Àga mi dìde, ó gba orí òkun lọ. Omi kò kọjá orúnkún rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìlú wa, Òkè-Ẹmì, ẹ gbọ́ ohun tí Ọdún Ògiri jẹ́. Ògiri alámọ̀ kan yí ojúde ìlú ká. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá ti la ètè àwọn èèyàn, àwọn obìnrin á fi ẹfun, osùn, èédú àti èlú kùn ún lọ́tun. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kùn ún, pẹ̀lú ṣúkù àgbàdo. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé kan bá wà lẹ́yìn odi, wọn kì í kun ìpín náà tán. Wọ́n á fi àyè kan sílẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá dé, á ki ọwọ́ bọ ẹfun, á fi tẹ ibẹ̀. Bó bá kú sọ́hùn-ún, wọ́n á fi osùn dí i.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí ìyá mi wọn ọwọ́ mi, tó fi tèmi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá kú, Àwẹ̀ró ẹ̀gbọ́n mi gba ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta báyìí tí mo ti kúrò nílé. Àyè yẹn nìkan ni mo bá lọ nínú àlá, mi ò bá nǹkan mìíràn lọ.

Nígbà tí a dé, mi ò rí òkè tí wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu bodè ní wọ́n ti ká a bí ẹní, wọ́n gbé e ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìlú, torí ó ń dí àwọn tó ń ya fọ́tò lọ́wọ́. Mo ní ìyẹn náà dára. Òkè ọ̀hún ti dúró pẹ́, kó jókòó díẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni òjò. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ya inú ọ̀run.

"Oṣù wo la wà yìí?" mo bi í.

"Oṣù Ògún ni, Bàbá. Ìgbìmọ̀ Ìrìn-Àjò Afẹ́ ló sún ọyẹ́ síbẹ̀. Oṣù Ògún làwọn àlejò ń gba ìsinmi."

"Ọyẹ́ wá gbà?"

"Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i. Kò tíì fèsì."

Lójúde, àwọn obìnrin ń kun ògiri nínú òjò náà. Bí wọ́n ti ń fa ẹfun lọ sókè ló ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀. Osùn ń bá àgbàrá lọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Agboòrùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí ìbòòji igi ọdán, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n sì nà án lé lórí. Kò sí orí ìyá arúgbó kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo kọjá okùn tí wọ́n ta, mo fẹ́ lọ wá àyè mi. Káàdì ọrùn mi figbe ta: "Àlejò nìyí o! Àlejò kan ti kọjá okùn!"

"Ta ni àlejò? Inú ilẹ̀ yìí ni ibi-ọmọ mi wà!"

"Bàbá, ẹ ka àyà yín."

Mo wo àyà mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ÀLEJÒ. Mo já a, ó tún so ara rẹ̀. Mo jù ú sínú àgbàrá, ó lúwẹ̀ẹ́ padà wá, ó tún gun ọrùn mi. Wọ́n ní tí n bá lẹ́jọ́, kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì náà léfòó lókè, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi bí ẹni so ẹran. Garawa ni wọ́n fi fà mí gòkè. Mi ò rí i bí nǹkan bàbàrà. Ọ́fíìsì ìjọba tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀, mo ti rí irú rẹ̀ lójú ayé. Àwọn márùn-ún jókòó yí tábìlì ká. Bísíríyù ni Alága wọn, ọmọ Làmídì télọ̀. Bàbá rẹ̀ ló rán ṣòkòtò tí mo wọ̀ kúrò nílé. Ọmọ ọwọ́ ni mo fi òun sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí Òkè-Ẹmì, Bàbá," ó wí. "Ṣé ẹ ń gbádùn ìlú wa?"

"Ìlú ta? Ìwọ tí o tọ̀ sí mi lára lọ́jọ́ ìkómọ rẹ!"

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Àlejò ń gbádùn." Ó na ìwé ìpolówó kan sí mi. Àwòrán Àwẹ̀ró ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́, eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ ń dán. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: *Obìnrin kan*.

"Ṣé kò lórúkọ ni?"

"Orúkọ máa ń gba àyè, Bàbá. Àwọn àlejò ò sì lè pè é."

"Ta ló ní kí wọ́n pè é? Ṣé ẹgbẹ́ wọn ni? Àwẹ̀ró ni! Kí wọ́n tó bí ọ ló ti ń po ẹfun!"

Ara mi ń gbọ̀n. Ọ́fíìsì náà ń gbọ̀n pẹ̀lú mi, tíì ń dà nù nínú ife wọn. Alága kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan: àwọn àlejò ń ráhùn pé ojú òfìfo pọ̀ lára ògiri, bí ẹni pé ọ̀lẹ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó dábàá pé kí wọ́n fi osùn dí gbogbo rẹ̀ lónìí.

"Àwa tí a ń bẹ láyé ńkọ́?" mo ké.

"Ta ló kín àbá yìí lẹ́yìn?"

Gbogbo wọn yanu láti dáhùn. Igbe ewúrẹ́ ló jáde. Ìwo yọ, irùngbọ̀n yọ. Kò yà mí lẹ́nu. Alága di òbúkọ ńlá, táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, ó sì fi pátákò tẹ ìwé náà lóǹtẹ̀ kó tó fò sílẹ̀ lórí àga. Wọ́n gba orí okùn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Ẹ̀yin náà mọ ewúrẹ́ àti ògiri, nítorí iyọ̀ inú amọ̀. Ohun tí òjò ṣẹ́kù ni wọ́n ń lá. Wọ́n lá ìpín ilé Ọdẹ́jìnmí, wọ́n lá ti ilé Alágbẹ̀dẹ. Ejò, alákàn, ìlà ẹja, gbogbo rẹ̀ wọ ikùn wọn. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ṣe bí ara ọdún ni.

Mo bẹ́ láti ojú fèrèsé. Mo balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú ìpín wa. Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí nínú òjò, igbá osùn lórí itan rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dí i o! Mo ti dé."

"Ta ni yẹn?"

"Èmi ni. Àdìgún."

"Àdìgún wo? Èyí tó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tí bàbá kú? Àbí èyí tó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tí ìyá kú? Àdìgún tí mo mọ̀ lórí fóònù pọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni. Ìwé àṣẹ ni. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí…"

"Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Tìrẹ dùn, àbí?"

Gbogbo ohun tí Alága sọ kò ta mí tó ìyẹn. Mi ò rí ẹni tí n ó bá jà mọ́.

Ó wá yíjú sí mi. "Wọ́n ní kí n dí i, mo ní n kò ní dí i. Wọ́n ní àwọn àlejò ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀; láti ìgbà tí ìyá ti kú ni mo ti ń kùn yí i ká. Gbé ọwọ́ wá jàre, kí òbúkọ Làmídì tó débí."

Mo ki ọwọ́ bọ ẹfun. Káàdì tún bẹ̀rẹ̀: "Àlejò! Àlejò!" Àwẹ̀ró fà á já, ó sọ ọ́ sẹ́nu òbúkọ tó ń bọ̀. Òbúkọ jẹ ẹ́, kò dúró.

Mo na ọwọ́. Ògiri sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Tèmi ni."

"Irọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ni ìyá yín wọ̀n sílẹ̀. Èyí ti wú, oríkèé rẹ̀ dà bí atalẹ̀."

"Ọwọ́ ọ̀hún náà ni. Ó pẹ́ lọ́nà ni."

"Kò ní gbà ọ́."

"Á gbà mí!" Mo kígbe. Mi ò kígbe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo bú Bísíríyù, mo bú bàbá rẹ̀ nínú sàréè, mo bú òjò, mo bú ara mi lórúkọ. Òbúkọ na ahọ́n, èmi náà na ọwọ́, a jọ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tutù, ó sì tẹ̀.

Mo lajú. Àtẹ́lẹwọ́ mi wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí òtútù ti máa ń mú ògiri làágùn. Ó rin gbingbin. Tíì ti tutù lórí àpótí. Ìwé ìpolówó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì wà láyà mi, ibi tí mo ti sùn lọ nídìí rẹ̀. Oṣù Ògún ni wọ́n fi Ọdún Ògiri sí lóòótọ́.

Mo wọ awò ojú, mo wá ìpín wa nínú àwòrán. Ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, láàárín àwọn ìlà ẹja tí ìyá mi máa ń fà, ojú kan wà tí wọn kò kùn. Kò tó èékánná mi nínú ìwé. Wọ́n fi ọfà tọ́ka sí i, wọ́n kọ̀wé sí i pé: *Ẹ fi orí jì wá, iṣẹ́ kò tíì parí níbí.*

Inú bí mi débi pé mo gbá ìwé náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ mi bo àyè náà, ó bo ojúde, ó bo orúkọ Alága nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, omi ara ògiri ti fi àmì ìka márùn-ún sílẹ̀ lórí ìwé.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo pe Àwẹ̀ró. Fóònù dún títí kó tó gbé e, mo sì ń gbọ́ òjò tó ń lu páànù lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ má dí i."

"Ta ni yẹn?" ó ní.