Damaris Kò Fẹ́ Wọlé

Damaris fi pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ilẹ̀ gírígírí, ó kọ̀, kò wọ ẹnu ọ̀nà irin náà. Ọmú rẹ̀ ti kún, ó le bí òkúta, wàrà sì ti ń kán sínú eruku. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ojúọlápé, ó ké.

Ojúọlápé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òun ló sọ màlúù náà ní Damaris, orúkọ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn tí kì í yára sí ohunkóhun. Ibi tí Damaris bá lọ ni gbogbo agbo ń lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fún wàrà dé oko wọn lẹ́yìn àdúgbò Dogon Dutse, màlúù kan kò tíì wọ inú rẹ̀. Oúnjẹ aládùn wà níbẹ̀. Apá irin wà níbẹ̀ tí yóò fọ ọmú, tí yóò fún wàrà láìsí ọwọ́ ènìyàn. Kí màlúù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé nìkan ló kù. Ọwọ́ ni Dàmọ́lá, ọmọ Ojúọlápé, ṣì fi ń fún àwọn yòókù; Damaris nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ọmú kíkún lè tì í wọlé.

"Ọ̀sán yìí ni ọkọ̀ ń bọ̀," Benjamin sọ. Òun ni ilé-iṣẹ́ tó yá wọn ní ẹ̀rọ náà rán wá. "Bí kò bá wọlé, a ó tú ẹ̀rọ yìí, a ó gbé e lọ. Oko mìíràn ń retí rẹ̀."

Dàmọ́lá fa garawa kan, ó jókòó lé e. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí oko yìí. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ màlúù bí ẹni ń bẹ àna.

"Mọ́mì, kí ló ń ṣe é gan-an? Lánàá, ọmú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni pé kò ní wàrà rárá."

"Ṣé èmi ni mo wà nínú ọmú rẹ̀ ni?"

Benjamin rẹ́rìn-ín. "Haba, Mama."

Ojúọlápé kò rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kí Dàmọ́lá tó jí, ó ti ń yọ́ lọ fún wàrà Damaris. Òun tó ti ń ta wàrà lọ́jà Farin Gada láti ìgbà ọmọge, ó ń da wàrà sídìí ọgbà orọ́. Màlúù tí ara rẹ̀ fúyẹ́, kí ni yóò wá kiri nínú irin? Ó rò pé bí ẹ̀rọ bá lọ, ayé yóò padà sí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, ìka rẹ̀ kọ̀. Ọyẹ́ ti mú oríkèé wọn gan. Ó fà, ó fà, ìrora gùn ún dé èjìká, kò sì rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ.

Damaris tún ké. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ kan Ojúọlápé bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ojúọlápé rí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí garawa, tó fọwọ́ lérán.

"Mama, don Allah, ẹ jọ̀ọ́," Benjamin ní, "ẹ̀yin ló ń dúró dè. Bí ẹ bá ṣì wà níbí, kò ní wọlé."

"Mo mọ̀."

Ó ṣí géètì, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Damaris tẹ̀ lé e dé ìdí ọgbà, ó ń pè é. Igbe náà bá a dé ẹ̀yìn àpáta ńlá tó wà lẹ́bàá oko. Ó jókòó, ó di etí, ó ṣì ń gbọ́. Bí ó bá kàn yọjú báyìí, tí màlúù náà rí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ̀ yóò gbé ẹ̀rọ lọ. Ó dìde. Ó tún jókòó.

Igbe náà dákẹ́.

Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, irin kan pa dé, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí, fùú, fùú, bí ẹni tó sùn.

"Mọ́mì, ó ti wọlé o," Dàmọ́lá ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán.

Ojúọlápé fẹ́ dá a lóhùn. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé ẹnu òun kò tíì sinmi, pé láti ìgbà tí igbe ti dákẹ́ ni òun ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sínú ọyẹ́: "Wọlé, ìyá mi. Jọ̀ọ́, wọlé."