Ilà Pélé Lára Ìbọn Oníke

Bọ́lá, àlá tí mo lá mọ́jú òní ò yé mi o. Mo ń fi sáńpépà ha ọ̀dà ara ìbọn oníke tí a fẹ́ fi ṣe sinimá. Bí ọ̀dà ṣe ń bó, ilà pélé bàbá mi ló yọ lábẹ́ ẹ̀. Bàbá mi tí a ti sin! Ike náà wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn. Ó yẹ kí n dúró, àbí? Mo ṣáà ń ha á lọ, torí ọ̀dà tuntun kì í mú lórí ògbólógbòó. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn: "Rọra, ọmọ mi, ó ń ta mí."

Mo jí. Ìbọn ọ̀hún nìyẹn lórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mo ha lánàá. Jọ̀ọ́, bá mi ha ìkejì.