Ìtọ́wò Kì í Ṣe Oúnjẹ

Ahọ́n Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ìtọ́wò nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa. Bísíkíìtì tí ahọ́n mi kò bá fọwọ́ sí, inú páálí kọ́ ló ń lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju oorun lọ.

Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ gbé ètò oúnjẹ aṣaralóore dé, nọ́ọ̀sì gún wa níka lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tèmi ló ga jù. Ó fún mi níwèé kékeré kan pé kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ síbẹ̀. Ọ̀gá sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ṣúgà yẹn kò bá wálẹ̀ láàárín oṣù méjì, yàrá tí wọ́n ti ń lẹ páálí ni mo ń lọ.

Mo jìyà. Ìyàwó mi ń di ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún mi lójoojúmọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó èyí tí èèrà á gbé. Mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì tún gún mi. Ṣúgà ti lé sí i.

Mo gbé ìbínú délé. Mo ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìwọ lo ń bu ṣúgà sí ẹ̀wà mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyàwó mi wọra. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

"Ọkọ mi ní mò ń fi ṣúgà pa òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó ń jẹ níbí."

Wọ́n fi í jókòó sẹ́yìn ògiri onígíláàsì. Mi ò bìkítà, ọwọ́ mi mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ mi bí mo ṣe ń ṣe é: ọ̀kan látinú ààrò ọ̀tún, ọ̀kan látinú ti òsì, èyí tí etí rẹ̀ jó díẹ̀, èyí tó fọ́. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì pè mí, ó ṣí ìwé mi.

"Bàbá, ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ni pé ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀."

"Mi ò tíì jẹ nǹkan kan lóòótọ́."

Ìyàwó mi ní, "Mẹ́tàlélógójì."

"Kí ni mẹ́tàlélógójì?"

"Bísíkíìtì. Èyí tó fọ́ sí méjì, ẹyọ kan ni mo kà á, kí n má baà rẹ́ yín jẹ."

"Ìtọ́wò nìyẹn. Ta ló ń pe ìtọ́wò ní oúnjẹ?"

"Ikùn yín ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó mi ń tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, níṣojú nọ́ọ̀sì.

Wọ́n fún mi ní ife kan, pé kí n máa tọ́ bísíkíìtì wò, kí n máa tu ú sínú rẹ̀. Mo gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀fun tó ti ń gbé bísíkíìtì mì fún ọdún méjìdínlógún kò gba ìkìlọ̀. Kí n tó rántí ife, ó ti lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá ọ̀gá pé kó gbé mi lọ sí yàrá páálí. Mo sunkún díẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ọ̀gá wá ń wá ẹni tó lè tọ́ nǹkan wò láìgbé e mì, tójú rẹ̀ sì mú. Kò wá a jìnnà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí ìyàwó mi ti wà lórí àga mi, ṣúgà mi sì ti wálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, tá a bá jókòó ti oúnjẹ, mo máa ń bi í bí bísíkíìtì ọjọ́ náà ṣe rí. Á rọra ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: bó ṣe rún lábẹ́ eyín, ìgbà tí bọ́tà wọlé, bí ṣúgà ṣe tẹ̀ lé e. Tó bá parí, màá ní kó tún un sọ.