Ìbọn Noeline Tí Merv Ò Fẹ́ Tà Fún Mi

2.

…tí ìbọn náà bá sì fọ́ ẹ léjìká, má wá bá mi. Ohun tí Merv Creagh sọ nìyẹn. Ó ń ta ìbọn, ó sì ń lé oníbàárà.


3. ÌKÉDE
*(lára pátákó ilé ìtajà, Fairlie)*

ÌBỌN ỌDẸ, ÀLÒKÙ. Mágúnọ́mù, oríṣi tó lágbára jù. Ọta rẹ̀ gùn ju ìka mi lọ.
Mo ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan ba àgbọ̀nrín. Ọ̀kan ba òkè. Ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀, mo ti wà nílẹ̀.
Ó Ń TÀPÁ. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá kí ẹ tó fà á.
Mo máa fi àpò ẹ̀wà kan tó ti dì bíi yìnyín ṣe ènì. Èjìká lẹ máa gbé e lé.
— Merv

Nísàlẹ̀, ó fi báírò kọ ọ́:
ATHOL, KÌ Í ṢE ÌWỌ.


4.

Èmi ni Athol.

Ìyàwó mi ló ni ìbọn náà. Noeline ló ń dẹ òkè. Èmi ń gbé ẹrù, mo ń se oúnjẹ, mo ń fọ abọ́ lódò. Nígbà tí àìsàn gba agbára apá rẹ̀, ó tà á fún Merv. Ó kú nígbà òtútù.

Mi ò yìn ín rí. Ó ní kò sí ìdí tí àwa méjèèjì á fi máa gba ìtàpá kan náà.


5. OHUN TÍ MO MỌ̀ NÍPA ÌBỌN NÁÀ

Àpá tó máa ń fi sí Noeline léjìká lọ́dọọdún, nígbà tí akọ àgbọ̀nrín bá ń ké. Ó máa ń dúdú. Á wá dà bí ewé. Á wá pọ́n rúsúrúsú bí ìwé tó ti pẹ́.

Èmi ni mo máa ń fi òróró pa á. Á ní ọwọ́ mi tutù jù.

Kò sí òmíràn.


6. LỌ́DỌ̀ DÓKÍTÀ

DÓKÍTÀ: Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀tún yín ti ń ṣí. Tí nǹkan kan bá gbá yín lórí, ojú yẹn lọ nìyẹn.
ÈMI: Tó bá jẹ́ èjìká ló gbá ńkọ́?
DÓKÍTÀ: Ṣé orí yín ò sí lórí èjìká ni?
ÈMI: Ó wà níbẹ̀.
DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀.


7. JANICE, ỌMỌ MI, NÍNÚ ÀTẸ̀JÍṢẸ́

*Dádì, Merv ti pè mí.*

*Kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè pa eku.*

*Eku ilé yín, ṣebí wàrà lẹ fi ń bọ́ ọ.*

*Dádì, ẹ fèsì.*

Mo fèsì: *Mo ti jẹun.*


8. ÒṢÌṢẸ́ ÌWÉ ÀṢẸ ÌBỌN, NÍ ILÉ ÌDÁNÁ MI

ÒṢÌṢẸ́: Ó kù kí n bi ìyàwó yín ní ìbéèrè díẹ̀. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, sà.
ÈMI: Ó wà ní itẹ́ òkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
ÒṢÌṢẸ́: Ìgbà wo ló máa dé?
*(Ó gbójú sókè kúrò nínú ìwé.)*
ÒṢÌṢẸ́: Yéè! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ìwé yìí ni mò ń kà.
ÈMI: Ẹ máa kà á lọ.

Mo dìde. Mo lọ jókòó sórí àga Noeline.

ÒṢÌṢẸ́: …Ṣé ọkọ yín máa ń bínú, mà?
ÈMI: Tó bá ń bínú, abọ́ ló máa ń fọ̀.
ÒṢÌṢẸ́: Ṣé ẹ rò pé ó yẹ kó ní ìbọn?
ÈMI: Rárá o.
ÒṢÌṢẸ́: Sà! Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?
ÈMI: Ohun tó sọ ni kẹ́ ẹ kọ.


9.

Mi ò fẹ́ pa ohunkóhun. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa ń gbá Noeline.


10. BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁN ẸNI WÒ

Merv ní òun á tà á fún mi tí mo bá lè fà á láìjẹ́ kí ara mi fò.

Ọ̀rẹ́ rẹ á kọ ẹ̀yìn sí ọ. Á fi ọta sí ìbọn, tàbí kó má fi sí i. Á pa á dé, á gbé e fún ọ. Ìwọ ò mọ èwo ni. Fà á. Tó bá ṣófo, tí ara rẹ sì fò, gbogbo ayé rí i pé ìtàpá tí kò wá lò ń sá fún.


11. Ẹ̀YÌN OKO ÀGÙNTÀN MERV

*Tík.*

MERV: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o!
ÈMI: Mo gbọ́.
MERV: Kí ló wá gbé ẹ ṣánlẹ̀?
ÈMI: Tún un ṣe.

*Tík.*

MERV: Wo ajá mi. Ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ lò ń tì í lójú.


12.

Sátidé. *Tík.*

Sátidé. *Tík.*

Nílé, atẹ́gùn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ti gbé ife kejì kalẹ̀ kí n tó rántí.

Sátidé. *Tík.*


13. MERV, LÓRÍ FÓÒNÙ
*(ó rò pé mo ṣì wà nílé ìgbẹ́)*

Fọkàn balẹ̀, Janice. Mi ò fi ọta kankan sí i rí. Mo ti ṣèlérí fún ẹ.

…

Rárá. Ó ṣì ń ṣubú.


14.

Ó yé mi wàyí pé òfìfo ni. Mo lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé òfìfo ni. Mo fà á.

Mo ṣubú.


15.

ÈMI: Merv, mo mọ̀ pé o kì í fi nǹkan kan sí i.
MERV: Láti ìgbà wo?
ÈMI: Láti Sátidé tó kọjá.
MERV: O sì tún ṣubú lónìí?
ÈMI: Mo ṣubú.
MERV: Àgbàlagbà bíi tìẹ. *(Ó jókòó tì mí nínú koríko.)* Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe fún ẹ báyìí, Athol?
ÈMI: Ohun tó o lè ṣe.


16. ÒNÍ

Merv kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pa ìbọn dé. Nígbà tó yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ajá sún mọ́ra.

MERV: Ṣé kí n sọ fún ẹ?
ÈMI: Má sọ.
MERV: Ojú ẹ ńkọ́?
ÈMI: Ó wà níbẹ̀.
MERV: Kí ni mo fẹ́ sọ fún Janice?
ÈMI: Sọ fún un pé mo ti jẹun.


17.

Igi ìdí ìbọn náà dán níbì kan. Ọwọ́ kọ́ ló mú un dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Noeline ni.

Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi lé e.

Ó gbóná.

Oòrùn ni.

Mo la ojú méjèèjì, mo sì fà á.


18.