Omi Ìsọmọlórúkọ Òkè Yìnyín

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tó dà mí lórí rú ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1992.

Agatha ọmọ mi ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí yìnyín ti di òkè. Ó kọ lẹ́tà pé ìgbìmọ̀ wọn fún òun ní òkè kan láti sọ lórúkọ. Ó ní kí n tètè fi orúkọ kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí wọ́n má baà gbé e fún ẹlòmíràn.

Ta ní í sọ ohun tí kò rí lórúkọ? Lọ́jọ́ kẹjọ tí lẹ́tà dé, mo ní kí Kúlísúmù tó ń ta yìnyín l'Ọ́wọ̀ gbé odidi kan wá. Mo gbé e sínú ọpọ́n, mo pe ẹbí.

"Ìyá Agatha, ṣé akọ ni àbí abo?" Láníyì àbúrò mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo bí i ni?"

"Ta ló máa dáhùn bí a bá pè é? Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀!"

Orúkọ mẹ́sàn-án ni wọ́n dá, kò sẹ́ni tó gba ti ẹnìkejì. Mo bá fi orin bọ ẹnu:

*Òkè, òkè, kí là ń pè ọ́?*
*Mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ ọ́!*

Ìgbà tí a máa fi bojú wo ọpọ́n, ọmọ tuntun ti yọ́ tán!

Kúlísúmù ní, "Ṣebí omi náà la fi ń sọmọ lórúkọ? Ẹ tọ́ ọ wò."

A mu ún yí ká. Ó tutù dé ọkàn, iyàn parí.

"Omitútù ni," mo wí. Láníyì kọ ọ́ ránṣẹ́. A gúnyán, a jẹ ẹran ìgbẹ́, kálukú yó lọ sílé, ẹ̀rín lẹ́nu.